Wólíìmọ̀ Tó Gbà Mí ní Ọdún Méjìlélógún

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Ìjòkó, Ọ̀tà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Bàrákàt, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Àsàláámù àléékùmù. Ṣé dáadáa lo wà? Tahir ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà àbí wọ́n ṣì ń ya ara wọn láṣọ? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìlọrin yín ńkọ́, ṣé ooru ti dẹwọ́ díẹ̀? Tiwa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara gbogbo wa le. Òjò nìkan ló ń bá wa fínra. Bó o bá rí ọ̀nà Ìjòkó yìí báyìí, wàá rò pé ẹnì kan fẹ́ máa sin ẹja níbẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń bi ara rẹ pé kí ló ṣe Mùíbátù tó fi ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́, nígbà tí Wásáàpù wà. Sinmi. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, ẹkún lo máa gbọ́, wàá sì pariwo fún gbogbo Ìlọrin pé ọkọ mi ti lù mí. Àti pé mo fẹ́ kó o rí ọ̀rọ̀ yìí kà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dáa, gbọ́: mo ti ṣe wólíìmọ̀! Èmi Mùíbátù, ìyá ọlọ́mọ méjì, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo gun orí pèpéle lọ́jọ́ Àìkú, mo ka kéwú lójú gbogbo ayé, mo sì sọ̀kalẹ̀ tògo-tògo. Dìde níbi tó o jókòó sí, Bàrákàt, kó o jó fún mi!

Ìwọ lo mọ ohun tí èyí jẹ́ fún mi. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin ṣe tiyín? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá. Wọ́n ti rán aṣọ funfun tèmi náà, mo ti ń wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá láti ọ̀sẹ̀ méjì. Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbe orin fún bàbá mi ṣe ṣàìsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ni wọ́n bá gbé mi sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ìjẹ̀bú. Bàbá mi ní wólíìmọ̀ á dúró dè mí, ṣùgbọ́n olóde ò ní dúró de àwọn. Ẹ̀yin ń ka kéwú l'Ọ̀tà, èmi ń gbe orin fún àwọn tó ń jẹran. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti parí, ojú sì tì mí débi pé mi ò fẹsẹ̀ tẹ ilé-kéwú mọ́.

Ta ló máa káàánú mi? Ta ló ń káàánú ọmọ Àlájì Àmọ̀dá Gbohùngbohùn? O ṣáà rántí bí bàbá mi ṣe fi orúkọ mi sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, tó fi jẹ́ pé mi ò lè ra gààrí ní Ṣàngó kí ẹnì kan má fi orin yẹn dá mi lóhùn. Tíṣà wa á ní kí n bá òun gba kásẹ́ẹ̀tì tuntun wá kó tó máàkì iṣẹ́ mi. Gbogbo èèyàn rò pé inú orin la ń sùn, inú orin la ń jí. Irọ́! Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi ń jáde, Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọlé, tí wọ́n bá sì wọlé, ìyá mi á ní kí a má ṣe sọ̀rọ̀ sókè, Bàbá ń sùn. Aráyé ti gbádùn wọn tán kó tó kàn wá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, bàbá mi làwọn èèyàn wá wò. Nígbà tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ, ọ̀pọ̀ wọn lọ sílé láìmọ orúkọ ọmọ. Kódà níbi iṣẹ́ mi, nílé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ìgò oníke, Seth ọ̀gá wa, tí kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ lọ, ó mọ orin náà. Mo fẹ́ràn bàbá mi o, má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ń wá ohun kan, ẹyọ kan ṣoṣo péré, tí kò ní di òde eré wọn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni Ruqoyah, àkọ́bí mi, gbé wàláà rẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun wo ibi tí òun ti ṣì í. Mo wò ó, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún méje wojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n kà, àbí?" Yéè! Mo wá ilẹ̀ tí mo máa wọ̀, mi ò rí i. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ bá Àáfà Sirajudeen, olùkọ́ kéwú wa ìgbà yẹn. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì le bí ìgbà tí wọ́n máa ń nà ọ́ nítorí oorun. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ tó sá lọ sóde orin." Mo ní èmi ni, Àáfà. Wọ́n ní kí n lọ jókòó. Ibo lo rò pé wọ́n ní kí n jókòó sí? Lórí ẹní, láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá! Wọ́n ní ibi tí mo ti dìde ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó. Ọdún méjì gbáko, gbogbo Sátidé, gbogbo Àìkú, àwọn ọmọ tó ń fi imú fọn kàkàkí ń ràn mí lọ́wọ́.

O mọ òfin Àáfà. Bí ọmọ bá ṣì í kà lórí pèpéle, wọ́n á kan igi mọ́lẹ̀. Tó bá tún ṣì í, wọ́n á tún kàn án. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó dọdún tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọba. Mo sì ti sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá lè sọ̀ mí kalẹ̀, ó parí nìyẹn, mi ò tún ní gùn ún mọ́ láyé mi.

Mi ò sọ fún bàbá mi. Ìyá mi ni mo sọ fún, ìwọ náà sì mọ ẹnu ìyá mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ wọn, kò sí dírẹ́bà, kò sí ọmọ ẹ̀yìn kankan. Wọ́n ní ṣé àwọn ti kú ni tí mo fi fẹ́ ṣe wólíìmọ̀ láìsọ fún àwọn? Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ọjọ́ náà ti di tiyín nìyẹn." Wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ìjẹ̀bú yẹn, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìyá rẹ sọ ọ́ fún mi, mo ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Jọ̀ọ́, Mùíbátù, dárí jì mí." Bàrákàt, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ní wọ́n lè wá, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ kọrin, wọn ò gbọdọ̀ ki ẹnikẹ́ni, wọn ò gbọdọ̀ la ẹnu rárá. Wọ́n búra fún mi.

Ọjọ́ Àìkú pé. Àwa mọ́kànlá la fẹ́ kà, èmi nìkan ni mo lọ́kọ nínú wa. Bí bàbá mi ṣe yọ báyìí, fóònù ti gbéra. Àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀, àwọn kan fẹ́ bá wọn ya fọ́tò. Bàbá mi kàn ń nawọ́ sí pèpéle pé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa wò, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi.

Ó kàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi bí mo ṣe fo ibì kan. Kó! Igi kan ilẹ̀. Mo tún un kà, mo ń bá a lọ, ni ọlọ́kadà kan bá pariwo láti títì pé, "Gbohùngbohùn, bàbá orin!" Ọkàn mi fò lọ. Kó! Ó di méjì. Mo wo Ruqoyah níwájú, ó ti fọwọ́ bojú. Mo mí kanlẹ̀, mo gbé ohùn sókè. O mọ̀ pé ohùn bàbá mi ni mo jogún, o sì mọ bí mo ṣe máa ń fi í pamọ́. Lọ́jọ́ náà mi ò fi í pamọ́. Mo fà á, ó gùn, mo dúró láti mí. Àwọn èèyàn rọra ń sọ pé, "Alláàhù," bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ni ohùn kan bá ta láti ẹ̀yìn, ó dùn, ó sì gbóná: "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni o!"

Bàbá mi ló gbè é! Ẹni tí ogún èèyàn ń gbè fún láti ogójì ọdún, òun ló gbè fún mi. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ da ìbúra. Iṣẹ́ ti mọ́ wọn lára ni: bí olórin bá dúró mí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbè é kó má bàa já. Wọ́n fi fìlà di ẹnu, ó ti bọ́. Àáfà gbé igi sókè, mo ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Àáfà wo ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ẹni tó gbè yẹn, bó o bá tún dán an wò, ìwọ lo máa gòkè wá kà á." Ẹ̀rín bú! Àáfà fúnra wọn rẹ́rìn-ín, ohun tí èmi àtìwọ ò rí rí. Èmi náà rẹ́rìn-ín lórí pèpéle, ẹ̀rù sì fi mí sílẹ̀. Mo padà sínú kíkà mi, mo kà á, mo kà á dópin, igi ò kan ilẹ̀ mọ́. Mo ṣe é, Bàrákàt. Mo ṣe é!

Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá parí, Àáfà máa ń bèèrè pé ta ló bí i, kí òbí dìde, kí wọ́n tó ṣàdúà. Wọ́n bèèrè tèmi. Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. Bí bàbá mi bá ń dárúkọ ara wọn, pẹ̀lú oyè àti ìnagijẹ, oúnjẹ lè jiná lórí iná. Àwọn èèyàn ti gbé fóònù sókè dè wọ́n. Bàbá mi dìde. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n wò mí, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Bàbá Mùíbátù ni mí." Wọ́n sì jókòó.

Bá mi kí Tahir, kó o sì bá mi kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ. Ìyá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kó o má gbà mí gbọ́. Ruqoyah náà ń kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ síbí pé òun ló kọ́ mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ara wa láyọ̀.

                                        Èmi ni, tìrẹ títí ayé,
                                        Mùíbátù, ọmọ Àmọ̀dá.