Òjò Inú Àwo Màámi

Àbúrò,

Ka ìwé yìí tán kó o tó fọwọ́ kan àwo orin tó wà lórí ẹ̀rọ.

Má bínú pé mo jágbe mọ́ ọ lánàá pé ìwọ lo ha àwo Màámi. Èmi gan-an ni mò ń fi síwẹ́tà onírun nù ún, bí Bàámi ṣe máa ń ṣe. Bí mo ṣe nù ún tán láàárọ̀ yìí, ó ta mí lọ́wọ́ pá bí iná, irun apá mi sì dìde. Síwẹ́tà yẹn ló ń kó iná mànàmáná sí i lára, iná náà ló ń fa eruku mọ́ ọn, tó fi ń ta pàrà-pàrà bí orin bá ń lọ.

Mo wá fi aṣọ òwú tó tutù díẹ̀ nù ún yípo. Mo tún gbé abọ́ omi síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ yàrá yẹn gbẹ jù. Má dà á nù o, olórí ìmọ́tótó!

Ṣó o rántí òjò tá a máa ń gbọ́ lẹ́yìn orin náà, tí Bàámi ní ó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn Màámi sílẹ̀? Òjò kankan ò rọ̀. Iná yẹn ni, òun ló sì ń bo ohun tó wà lẹ́yìn orin mọ́lẹ̀.

Gbé abẹ́rẹ́ lé e, kó o jẹ́ kó dé òpin. Tí orin bá tán, wàá gbọ́ Màámi: "Ẹ gbé e fún mi, ó ti sunkún tó." Ọmọ ọwọ́ kan tó ń sunkún á sì dákẹ́.

Ilé ìwé lèmi wà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn yẹn. Ìwọ tó o máa ń sọ pé Màámi ò gbé ọ rí kó tó kú, ìwọ ni ọmọ náà.