Òpó Tí Ìyàwó Mi Ń So Ọkọ̀ Mọ́

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Fọlákẹ́ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Báyọ̀ aládùúgbò wa tún so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ òpó ìyá rẹ lónìí. Òpó pọ̀ lẹ́bàá afárá pákó. Èyí tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú ló wù ú. Ó dúró kí n jáde kó tó so okùn.

Ó ní, "Bàbá, àbí ìyàwó yín ń ti ọjà Igbókòdá bọ̀ ni?"

Àwọn èèyàn yọrí lójú fèrèsé, èmi ni wọ́n sì ń bẹ̀. "Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni." Ọmọdé wo? Ẹni tó ti lọ́mọ nílé! Kò sẹ́ni tó ní kó tú okùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó má pariwo. Ó sú mi.

Mi ò bú u. Omi ń fà lọ sókun nígbà náà. Mo tú okùn, mo fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ náà.

Báyọ̀ bẹ́ sómi tòun ti bàtà láti lé ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń bẹ mí rẹ́rìn-ín títí pákó fi ń mì. Ká ní èmi ló já sómi, bí wọn ì bá ṣe rẹ́rìn-ín náà nìyẹn.

Mo jókòó, mo ń wo òpó náà. Kò sí okùn kankan lára rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.