Wendell, Àbúrò Mi Tí Apá Rẹ̀ Kò Gòkè Mọ́

Wendell, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí òtútù àyà mú ọ lọ. Ọdún márùn-ún! Títí di ìsinsìnyí, mo ṣì máa ń gbé àwo rẹ sórí tábìlì kí n tó rántí pé o kò sí mọ́.

Àwọn ará Millfork kò gbàgbé ọ. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ọdún 1908 tí o jẹ́ ajubọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá nínú eré baseball, tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ni wọ́n ń sọ. "Bọ́ọ̀lù Wendell Rusk á máa bọ̀ tààrà, á wá yà bàrá bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán!"

Èmi mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 1911, apá ọ̀tún tí o fi ń ju bọ́ọ̀lù ti ń dùn ọ́ débi pé ọwọ́ òsì lo fi ń fá irùngbọ̀n. Èmi ni mò ń bá ọ de bọ́tìnnì. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún kóòṣì o. Eré ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù." Ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ra fìlà tuntun tí n ó dé jókòó níwájú, kí gbogbo ayé mọ̀ pé àbúrò mi ni. Mo ní, "Lọ jù ú, Wendell."

O jù ú, ẹ sì borí. Bí wọ́n ti ń pariwo orúkọ rẹ, o fẹ́ juwọ́ sí wọn. Apá ọ̀tún kọ̀. Kò tún gòkè kọjá èjìká mọ́ títí o fi kú.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré! Kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti já ọ sílẹ̀. O padà sí ilé iṣẹ́ bíríkì, o fẹ́ Clara, ẹ bí Nettie. O kò bú mi rí. Ọjọ́ tí mo sunkún bẹ̀ ọ́, ẹ̀rín lo rín: "Ẹ̀yin lẹ bá mi jù ú ni? Èmi náà fẹ́ jù ú!" N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni, àbí àánú mi ló ṣe ọ́. Mo ṣì ń rò ó.

Clara ti parí ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ilé tí o bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún ní funfun. Nettie ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa. Lóṣù tó kọjá, mo rí i nínú eré tó ń fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀, tó ń díbọ́n pé kò dùn ún. Mo wọ inú pápá lọ níṣojú gbogbo èèyàn, mo ní kò ní jù lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí Augusta, ẹ dójú tì mí!" Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Kó máa bínú! Èjìká rẹ̀ ti san.

Wendell, àárò ajubọ́ọ̀lù ló ń sọ wọ́n ní ìsọ̀ yẹn. Àbúrò mi ni èmi ń wá. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ariwo náà dákẹ́.