Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Rẹ Ti Wọ Báńkì

Storklobb, Åland,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Tyra ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Jarkko ọkọ rẹ, mo sì kí èyí tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwa apẹja lórí omi yóò máa ṣọ́ ọ ní Helsinki yẹn, níbi tí èèyàn kò ti mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí rẹ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. A ti kó àwọn àgùntàn kúrò ní erékùṣù kékeré, ọ̀kan péré ló já sómi, èmi náà sì já tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ti gbẹ.

Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já o, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Wọ́n ti yọ eyín ìyá rẹ. Jókòó kí o tún un kà. Wọ́n yọ ọ́, kò sì kú.

Ìwọ náà mọ ìdí tí eyín yẹn fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Alfhild, àbúrò ìyá àgbà rẹ, ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà tí wọ́n yọ eyín fún un, ẹ̀jẹ̀ kò dá títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà náà kò sí ẹnì kan nínú ìdílé Norrgrann, ìdílé ìyá rẹ, tó tún ya ẹnu fún dókítà eyín. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ fi ń jẹun, gbogbo ìgbà òtútù ló ń fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí eyín bá sì ta á, èmi ló ń jágbe mọ́, àfi bí ẹni pé èmi ni mo gbin eyín náà. Imú tìrẹ náà ńkọ́, tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwé títí olùkọ́ rẹ fi dákú? A kàn máa ń sọ pé bí àwọn ará Norrgrann ṣe rí nìyẹn.

Ìgbà tí yìnyín yọ́ tán ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa ní gbọ̀ngàn ìjọ. Wọ́n ní àwọn ń wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn kan kì í fi í dì bí wọ́n bá fara pa, pé nínú ẹbí ló máa ń rìn, àti pé ó pọ̀ ní àwọn erékùṣù wa. Gbogbo ẹbí ìyá rẹ ni wọ́n gbà lẹ́jẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kọfí wà níbẹ̀, ni mo bá tò sórí ìlà. Dókítà Hedvall ni olórí wọn, ọmọbìnrin bí ìwọ báyìí, ó yàwòrán gbogbo wa sórí ìwé ńlá kan, àwọn obìnrin rí roboto, àwọn ọkùnrin ní igun mẹ́rin. Ó kun ti ìyá rẹ dúdú, ó kun ti Alfhild dúdú, ó wá fi tèmi sílẹ̀ ní òfìfo. Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe òfìfo èèyàn, pé mo ti jẹ alága ìjọ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, òfìfo túmọ̀ sí pé ara yín le ni. Mo ní kó tilẹ̀ fi nǹkan díẹ̀ sí i nítorí àwọn tó máa wò ó. Ó ya ẹja kékeré kan sínú rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní báńkì kan wà ní Helsinki tí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wa sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé a lè yọ ọ́ nígbàkigbà tó bá wù wá. Inú mi dùn, nítorí ìyá rẹ kò ní nǹkan kan ní báńkì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo lọ ta ẹja ní Mariehamn, mo yà sí báńkì, mo bi ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì pé èlé tó ti gorí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi tó mélòó. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo pariwo kó lè gbọ́. Ló bá lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá gbé omi fún mi, ó ń fohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé ta ni mo bá wá sígboro. Nítorí náà, ìwọ tí o wà nítòsí, bá mi yà kí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ, kí o sì rí i pé wọn kò gbé e ti ẹja nínú fíríísà.

Inú fóònù ni a ti rí ojú Dókítà Hedvall tó wá jábọ̀ fún wa. Mo fá irùngbọ̀n, mo wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé kọfí síwájú rẹ̀, kò mu ún. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó dà bí gọ́ọ̀mù, òun ló ń dí ojú ọgbẹ́, ti ìyá rẹ ni kò tó. Mo sọ fún un pé mo ní èyí tí mo fi ń lẹ ọkọ̀ mi, kì í jò. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ó ní àìsàn náà lórúkọ, ó sì ní oògùn. Ìyá rẹ ní, àṣé Alfhild kò ṣe nǹkan kan. Nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nílé wọn láti ìgbà náà ni pé aláìgbọràn ni, pé wọ́n ní kó sùn sílé lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín rẹ̀, ó sáré lọ sétí omi. Ọmọ mi, ìyá rẹ sunkún fún ẹni tí kò fojú rí rí.

Bí a ṣe gbà láti lọ sílé ìwòsàn nìyẹn. Gbogbo aṣọ ìnura tó wà nílé ni mo kó dání, nọ́ọ̀sì ní Bàbá, ṣé ẹ ń kó wá síbí ni? Imú ìyá rẹ ni wọ́n fín oògùn sí. Mo ní nọ́ọ̀sì, ẹnu ni eyín wà o. Ó ní òun mọ ibi tí ẹnu wà. Wọ́n ti dán oògùn náà wò lára rẹ̀ ṣáájú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáhùn dáadáa, èmi kò gbọ́ kó sọ nǹkan kan. Mo jókòó síta. Àdúrà kò jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí dókítà eyín jáde pẹ̀lú eyín nínú ife kékeré, mo rò pé ohun tó kù lára ìyá rẹ nìyẹn. Ó ní kí n wọlé. Ìyá rẹ jókòó, ó fi eyín di òwú mú, òwú náà kò pupa tó ojú ẹja. Ife kọfí ọwọ́ mi ló ń nawọ́ sí. Nọ́ọ̀sì ní oògùn yẹn kò fẹ́ kí èèyàn mu nǹkan púpọ̀ títí di ọ̀la. Ni ìyá rẹ bá yọ òwú kúrò lẹ́nu láti bá a jà. Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún sínú aṣọ ìnura, ó kéré tán, ọ̀kan wúlò nínú wọn.

Ní báyìí, búrẹ́dì dúdú ló ń rún wómúwómú, kò jágbe mọ́ mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló kù. Mo bi Dókítà Hedvall nípa ẹ̀jẹ̀ tí ìwọ náà fún wọn ní Helsinki nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ìwọ lo ni ín, òfin kò jẹ́ kí òun sọ fún mi. Mo ní èmi ni mo ni ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé òun ń pè ọ́, o kì í gbé e. Tyra, mo mọ̀ pé ẹ̀rù oyún yẹn ló ń bà ọ́. Dókítà ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé o ní àìsàn náà, tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú, wọ́n á gbé oògùn kalẹ̀ dè ọ́ níbi ìgbẹ̀bí, pé àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ń bímọ, wọ́n sì ń gbé ọmọ wọn lọlé. Alfhild kò rí ẹni sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Má sì lo oògùn ẹ̀fọ́rí kankan láìbéèrè, ó ní àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá.

Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ mi ti ń wúkọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ ìwọ àti Jarkko, ẹ bá wa fi díẹ̀ ránṣẹ́, ìyá rẹ náà fẹ́ ra súìtì líle. Má fi owó náà sínú fóònù o, èyí tí o fi síbẹ̀ léṣìí, a gbọn fóònù títí, a kò rí ihò tó lè gbà jáde. Inú àpòòwé ni kí o fi í sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwọ àti ọmọ rẹ rí ojú ara yín. Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ ìgbà tó yẹ kó ṣàn, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Bí dókítà bá tún pè, jọ̀ọ́, gbé e.

Èmi bàbá rẹ,
Valfrid.