Aago Tó Ní Mo Ṣubú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ṣadé ló kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlọrin níbí. Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀ o, ẹ sì kú ìpayà ọjọ́sí. Mo kí Àǹtí Bísí tó bá yín dáná nígbà tí Ìyá wà lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé Ìyá ti ròyìn fún yín, àmọ́ ẹ̀yin lẹ dá jókòó sí Ìkìrun lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ni mo sì jẹ ní àlàyé. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, torí àwa ọmọ tó wà lájò pọ̀.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ọyẹ́ ti ń la gbogbo èèyàn lẹ́sẹ̀ ní àdúgbò Basin níbí, àmọ́ ẹni tó ń dúró ti ààrò búrẹ́dì kì í ráhùn òtútù.

Ẹ rántí aago ọwọ́ tí Kúnlé àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Kánádà. Áàpù inú rẹ̀ ń wo bí ọkàn mi ṣe ń lù àti bí mo ṣe ń sùn. Ó wúlò fún mi o. Nígbà kan tí mo jókòó jẹ́ẹ́, ó ní ọkàn mi ń sáré jù. Mo lọ sílé ìwòsàn, wọ́n bá ibà lára mi. Aago ò mọ̀ pé ibà ni, àmọ́ ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Òun kan náà ni, bí èèyàn bá ṣubú, á bi í bóyá kò fara pa. Bí onítọ̀hún ò bá dáhùn, á ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ńbà Kúnlé ló wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyẹ̀fun ni mò ń pò. A máa ń gbé e sókè, ká là á mọ́ tábìlì, kó lè fà dáadáa. Ìgbà tí mo là á tagbáratagbára ni aago rò pé èmi ni mo lulẹ̀. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi, n ò mọ̀. Ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun ń pariwo, fóònù mi sì wà nínú báàgì. Kúnlé pè mí títí, n ò gbé e. Kò ní nọ́ńbà ẹnì kankan níbi iṣẹ́ mi, ló bá pe ilé, Ìyá sì wọkọ̀ wá wò mí lójú ẹsẹ̀.

Ìyá ní orí pèpéle làwọn fi yín sí, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ni ò jẹ́ kí ẹ bá àwọn wọkọ̀. Nígbà tí mo fi máa rí fóònù mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹ ò ṣe hẹ́lò. Ẹ kàn ní, Ṣadé, ṣé ìwọ ni? Mo ní èmi ni. Ẹ tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá, ohùn yín ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Fóònù Ìyá ti kú sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn. Wọ́n fi ẹkún ti Ọ̀fà wọ Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ mi tí wọ́n rí mi, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá mi. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi, apá mi, ẹ̀yìn mi, bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Nígbà tí a délé, mo fi aago hàn wọ́n pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọkàn mi ń lù dáadáa. Ìyá wo yàrá mi yí ká. Wọ́n ní, Ṣadé, ta lo ń bá jẹun? Mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n ní bí n ò bá jí lọ́jọ́ kan ńkọ́, ta ló máa kan ilẹ̀kùn? Aago náà ò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí.

Ìyá bá fà mí lọ́wọ́ lọ kí Alhaja tó ni ilé. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà, ẹ kú àárọ̀ nìkan ló ń pa wá pọ̀. Alhaja ní àwọn rò pé n ò fẹ́ wàhálà ẹnikẹ́ni ni, torí ilẹ̀kùn mi kì í ṣí. Gbogbo ọmọ tiwọn náà ti lọ sí Àbújá, àwọn náà ló ń dá jẹun. Wọ́n ní bí Ọlọ́hun bá fẹ́, dídá jẹun ti tán fún àwa méjèèjì.

Kúnlé fi ẹkún pè mí. N ò bá a wí, ìfẹ́ ló ṣe é. Mo fún un ní nọ́ńbà ọ̀gá mi àti ti Alhaja. Mo ṣì ń lo aago náà, ṣùgbọ́n mo máa ń bọ́ ọ kí n tó pòyẹ̀fun.

Bàbá mi, ẹsẹ̀ yín á mókun. Ẹ ò ní gbọ́ ìpè ìbànújẹ́ lórí wa. Ẹ ó jèrè èmi àti Kúnlé. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ kí Àǹtí Bísí àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. N ò ní lè kọ jù báyìí lọ, Alhaja ti gbé tùwó tí a jọ fẹ́ jẹ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé.

Èmi ọmọ yín tó wà láàyè,
Ṣadé