Orúkọ Yín Nìkan Ló Wà Nínú Òfin Náà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ojú yín sì gbádùn lẹ́yìn gbogbo kọ̀ǹpútà tí ẹ ń wò ní bárékè. Ara gbogbo wa le nílé. Bàbá ní kí n kí yín. Màmá ní kí n bi yín bóyá ẹ ti jẹun.

Òfin tuntun tí ìjọba ṣe fún ogun orí ayélujára, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, ti dé. Mo kà á sókè ní pálọ̀. Ó ní ológun kankan kò gbọdọ̀ ba kọ̀ǹpútà aláìmọwọ́mẹsẹ̀ jẹ́, àfi tí aláṣẹ bá gbà pé kọ̀ǹpútà náà mọ nǹkan kan. Màmá ní, "Ta ni yóò wá yẹ aláṣẹ wò?" Mo ṣí ojú ìwé kejì: aláṣẹ ni yóò yẹ ara rẹ̀ wò. Màmá ní, "Ó dáa o. Wọ́n ti fi ewúrẹ́ ṣe ọlọ́dẹ oko iṣu."

Òfin náà tún ní kí wọ́n kìlọ̀ fún aráàlú kí wọ́n tó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn lè kọ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà náà. Èmi tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe rò pé mo ṣì í kà. Mo tún un kà. N ò ṣì í kà.

Ẹ ní kí a bá yín yọ̀ pé orúkọ yín wà níbẹ̀. A rí i lójú ìwé tó kẹ́yìn: ẹ̀yin lẹ máa jẹ́jọ́ tí ìkọlù bá ṣèèṣì ba ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ omi jẹ́. Ẹ ní ọjọ́ Ẹtì lẹ fẹ́ bu ọwọ́ lù ú. Mo wá wá orúkọ ẹni tí yóò pàṣẹ. "Aláṣẹ" ni wọ́n ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bóyá ojú ń tì í ni.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ń wakọ̀ fún ọ̀gá wọn, tí ọ̀gá jókòó sẹ́yìn, tó ní kí wọ́n gba ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà: "Máa wà á lọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró, ọ̀gá bọ́ sílẹ̀, ó wọ takisí lọ sí ìpàdé. Ìwé awakọ̀ Bàbá ni wọ́n gbà. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe rí lẹ́yìn ìyẹn.

Iṣẹ́ tí Bàbá rán mi nìyí: "Sọ fún un pé kí aláṣẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ tirẹ̀. Tó bá kọ ọ́, kí ọmọ mi náà bu ọwọ́ lù ú. Bí aláṣẹ kò bá kọ ọ́, kí ọmọ mi ti bírò bọ àpò, kó máa bọ̀ nílé. Ọmọ ni mo bí, n ò bí ìwé awakọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n fi orí yín fọ́ àgbọn. Ẹ ó wọlé wá bá wa láyọ̀, àṣẹ tí ẹ ò pa kò ní di ẹ̀bi yín.

Èmi ni àbúrò yín,
alátùn-ún-ṣe kọ̀ǹpútà.

Àfikún: Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí ní bárékè kí ẹ̀gbọ́n mi tó rí i, ẹ kú iṣẹ́. Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi lẹ lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ kẹ́yìn padà lẹ́yìn tí ẹ ṣí i dára ju tiwọn lọ. Tí ẹ bá ń lẹ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín sẹ́yìn àpòòwé.