Wọ́n Ti Wọkọ̀

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Ilé Àlejò Ẹnu Géètì,
                                        Ọgbà Ẹranko Ìjọba.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ọ̀gá Ìṣirò,

“Láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń mú ènìyàn wọ aginjù, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Iye tí mo bá kó wọlé ni mò ń kó jáde. Bí kìnnìún bá tilẹ̀ ń wá ẹni tí yóò pa jẹ, ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti kọ́kọ́ wá gba àṣẹ.” Báyìí ni atọ́nà wa wí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gun orí bọ́ńpà ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, bí èmi àti ìwọ ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà wa sílẹ̀ nígbà tó bá ń bá àwọn òbí ọmọ sọ̀rọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ṣé dáadáa ni mo bá ọ? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó wú yẹn ti walẹ̀? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, àwọn tí o ń fi ìsọdipúpọ̀ dá lóró nígbà ìsinmi? Èmi wà. Mò ń jẹun, mo sì ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun náà ti dín láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun ló jẹ́ kí n mú gègé.

O mọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló gbé mi sí èjìká lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Ojú wọn ti ń ṣú láti ọdún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, kò sì fi dá wọn lójú pé wọn yóò tún ríran. Ẹ̀gbọ́n kò sunkún, wọn kò sì ṣàròyé. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ fi ìwọ̀nba ojú tó ṣẹ́ kù wo erin nínú igbó tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn, èmi tí ìwọ mọ̀ pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo nínú yàrá lè lé jáde.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa jẹ́ ojú fún wọn. Mo ń sọ ohun tí mo bá rí, àwọn á sì dáhùn pé “hùn-ún”. A sì jọ fi ẹnu kò sí àmì kan: bí erin bá yọ, mi ò ní sọ̀rọ̀, kó má baà sá. Èjìká wọn ni mo máa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n.

Àwa mẹ́jọ là ń wọ ọkọ̀, méjì-méjì lórí ìjókòó. Orúkọ tí atọ́nà sọ ara rẹ̀ ni Ògbóǹtarìgì. Ó kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì kọ ọ́ sára fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó pín fún gbogbo wa. Kì í nàka ka ènìyàn. Ó ní a kì í ṣe ewúrẹ́. Ó máa ń bi kálukú nípa ẹni tí wọ́n jọ jókòó, lẹ́yìn náà á ka iye fìlà nínú dígí iwájú. Mo yin ètò yìí nínú ọkàn mi. Ó dà bí ètò ẹni tó ti ṣe kíláàsì rí.

Ọjọ́ Ajé, a la ọgbà ẹranko méjì já. A rí ẹfọ̀n, a rí àgbọ̀nrín, a rí ọ̀bọ kan tó jí búrẹ́dì Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó níwájú wa. Erin kọ̀, kò yọjú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la dé ẹ̀kẹta, èyí tó jìnnà jù. Wákàtí mẹ́rin la fi rìn láìrí ilé, láìrí ènìyàn. Ojú ọ̀run funfun bí ẹfun. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò sí ẹyẹ tó ń ké. Mo sọ ọ́ fún Ògbóǹtarìgì. Ó ní àwọn ẹyẹ ń sinmi ni.

Ahéré onípákó kan wà létí adágún omi níbẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé tóóró tí èèyàn lè máa yọjú wo omi. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Omi náà dúró bí abọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kòkòrò kankan kò bà lé e. Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ dìde, eruku bo gbogbo ibẹ̀, Ògbóǹtarìgì sì ké sí wa pé ká máa bọ̀. A fi aṣọ dí imú, a ń sáré. Mo rí Nọ́ọ̀sì níwájú tó di ẹnì kan lápá mú nínú eruku, mo sì rò pé ẹ̀gbọ́n ni. Ó ti dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló kẹ́yìn, wọ́n ń wá bàtà.

Mo jókòó. Ògbóǹtarìgì yíjú sí mi. Ó ní, “Tíṣà, ṣé wọ́n ti wọkọ̀?”

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń gun ọkọ̀. Mo ní, “Wọ́n ti wọkọ̀.”

Ó wo dígí, ó ka fìlà mẹ́jọ, ó sì gbéra.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé “wọ́n” lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó sì lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo. Mo ti fi ẹfun fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ lára pátákó. Mo ti na ọmọ nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ògbóǹtarìgì ń béèrè. Èmi fi télọ̀ dá a lóhùn.

Ìwọ náà á bi mí pé, ṣé mi ò rí i pé ìjókòó ẹ̀gbọ́n ṣófo ni? Kò ṣófo, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí mo ń gbìyànjú láti sọ fún ọ nìyẹn. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí fìlà. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan wà níbẹ̀, bí o ṣe máa ń mọ̀ pé ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ nígbà tí o bá ń kọ nǹkan sójú pátákó. Èmi kì í sì í tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú, bí mo ṣe dàgbà tó yìí. Òórùn ẹrẹ̀ tútù ń wá láti ibẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti tẹsẹ̀ bọ etí omi.

A rí àgùnfọn méjì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àgùnfọn méjì rèé lápá ọ̀tún, èyí kékeré ń wò wá.” Mo gbọ́ “hùn-ún”. Mo yọ ìgò omi mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn, ojú mi ṣì wà lára àgùnfọn. Wọ́n gbà á. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e padà sórí itan mi.

Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a gbéra, Nọ́ọ̀sì wo aago, ó mú oògùn ojú jáde, nítorí òun ló ń bá wọn kán an ní aago mẹ́ta. Ó yíjú padà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, ó tún wo ojú mi.

“Tíṣà, Bàbá dà?”

Mo ní, “Àwọn nìyí.” Mo gbé ọwọ́ lé ibi tí itan wọn yẹ kó wà. Orí awọ ìjókòó ni ọwọ́ mi bọ́ sí. Fìlà wọn wà lára ẹ̀yìn ìjókòó, níbi tí wọ́n fi í kọ́ sí kí wọ́n tó wọnú ahéré, ó ń mì.

Ẹni tí mo rí tí Nọ́ọ̀sì dì mú, ọ̀kan nínú àwọn èrò yòókù ni.

Ògbóǹtarìgì yí ọkọ̀ padà. Òógùn pa orúkọ tó kọ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn, mi ò gbàdúrà, mi ò ronú. Mò ń ka igi.

Nígbà tí a dé, oòrùn ṣì wà lókè. Gbogbo etí omi náà ti di ẹrẹ̀ títẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tó tó ẹnu garawa lórí ara wọn, omi ṣì ń sun sínú rẹ̀. Mo wọ ahéré. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tó sún fún ẹlòmíì.

Wọ́n ní, “Rọra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Ìgbà wo ni ìwọ náà jáde? Ọwọ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò léjìká mi ni.”

Méje ni àwọn erin náà. Ọ̀kan, etí rẹ̀ ya. Ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń di ìrù ìyá rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ròyìn rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ń sọ ọ́ sí wọn létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn mi, títí tí èyí tó kẹ́yìn fi kúrò. Wọ́n ní mi ò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, wọ́n tún un sọ fún gbogbo tábìlì. Wọ́n ní nígbà tí gbogbo ayé sá fún eruku, àbúrò àwọn kò fi àwọn sílẹ̀. Télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ àwo. Nọ́ọ̀sì wò mí. Ògbóǹtarìgì tún fi ọwọ́ lé àyà, ó ní ṣé òun kò sọ, mẹ́jọ wọlé, mẹ́jọ jáde. Ẹ̀gbọ́n ní tí ojú bá kọ̀ tí kò ríran mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tí mo fi ẹnu yà fún àwọn ti tó. Mo la ẹnu mi. Mo fi omi ọbẹ̀ sí i.

Torí náà, mi ò tíì sọ fún wọn pé mo fi wọ́n sílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, mo gba erin méje lọ́wọ́ wọn. Bí mi ò bá sọ ọ́, mò ń jẹ oyè ẹlòmíì, mi ò sì mọ ẹni náà. Mo gbèrò pé mi ò ní sọ ọ́ títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí. Ìwọ náà, bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, jọ̀ọ́, pa ẹnu mọ́.

Mo ti ṣètò ìyókù bó ṣe yẹ tíṣà. “Wọ́n” ló ṣì mí lọ́nà. Fìlà ló ṣi Ògbóǹtarìgì lọ́nà. Eruku ló fún mi ní òórùn ẹrẹ̀. “Hùn-ún” náà lè jẹ́ ìró ẹ́ńjìnì. Nọ́ọ̀sì ní arúgbó tí ojú rẹ̀ ṣú máa ń rí nǹkan, wọ́n sì máa ń gbọ́ nǹkan. Gbogbo rẹ̀ wọlé geerege.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sọ fún un pé kó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Bá mi kí àwọn ọmọ-ọmọ, kí o sì fún wọn ní ìsinmi gidi. Ẹ̀gbọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n ń súfèé nínú yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹni tí ẹ jọ lo ẹfun kan náà,
Tíṣà Gírámà.

Mo tún ṣí àpò ìwé yìí. Ìgò omi náà wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo rọ ọ́ kún fọ́fọ́ kí a tó kúrò ní ahéré. O mọ̀ mí, èmi kì í mu omi lójú ọ̀nà, nítorí àpò ìtọ̀ mi. Ibi tí wọ́n gbé e sí lórí itan mi gbẹ, ilẹ̀ ọkọ̀ gbẹ, ìjókòó sì gbẹ. Nígbà tí mo ṣí i, kò sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Ìṣirò, ta ló mu omi mi?